Ẹ Wo Ẹsẹ̀ Ilé Yín Dáadáa: Ohun Ìyanu Pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti owó yíyá. Ọ̀rọ̀ ojú ni, ojú tí a fi ń wo nǹkan. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, torí owó wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí náà sì wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ wa ni pé kí a máa lọ láti oko dé oko, láti ọjà dé ọjà, kí a máa gba àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń ta irè oko nímọ̀ràn. Apá Erékùṣù Èkó ni wọ́n pín fún wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó wà ní Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀: “Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó, kí lẹ tiẹ̀ ń rí tọ́jú níbẹ̀? Ṣé kọnkéré lẹ ń gbìn ni?” A máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ohun tí a ti rí láàárín Ìdúmọ̀tà àti Ẹbúté Èrò pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè sọ tán lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá dúró níwájú Ìga Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó, orí oko ata ló dúró sí. Ìtàn Èkó ló sọ bẹ́ẹ̀: Arómirẹ́ ló ń gbin ata sórí ilẹ̀ yẹn kí ó tó di ààfin, ata yẹn ló sì wà nínú orúkọ ìga títí dòní. Orúkọ Èkó pàápàá, àwọn kan ní láti ara “oko” ló ti wá, àwọn mìíràn ní èdè Bìní ni, pé ibùdó ogun ló túmọ̀ sí. A ò ní dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí a mọ̀ ni pé ilẹ̀ tó hu ata nígbà yẹn kò tíì kú. Wọ́n kàn da kọnkéré lé e lórí ni. Níbi tí kọnkéré bá ti là díẹ̀, ewé ti yọrí jáde nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó bá fẹ́ rí ohun àrà inú ẹ̀dá gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lọ ọ̀nà jíjìn. Ọgbà Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, dára púpọ̀. Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation ló ni ín, Olóyè S. L. Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ló sì dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1980. Ẹni tó bá ráyè, kó mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti lọ já ọjà, ìgbà wo ló fẹ́ dé Lẹ́kí? Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni pé ohun àrà wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín, òmíràn ń bá yín ṣiṣẹ́, òmíràn ń bá yín jà, ẹ̀yin kò sì mọ èwo ni èwo torí pé ẹ ò dúró wò ó.

Ẹ wá sábẹ́ igi fúrúùtù ná. Kò sí ọmọ Èkó tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn mẹkáníìkì ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń ta omi tútù ń gbé kúlà wọn síbẹ̀, àwọn ọmọdé ń sọ ọ́ lókùúta. Igi yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ìhà Éṣíà ló ti wá. Èso rẹ̀ máa ń léfòó, ó lè rìn jìnnà lórí òkun kó tó dé etíkun tí yóò ti hù. Ẹ wo bó ṣe ya ẹ̀ka ní ipele ipele, bí agboòrùn tí wọ́n tò lé ara wọn. Nígbà tí ewé rẹ̀ bá fẹ́ já, ó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Igi náà ń fa oúnjẹ inú ewé padà sínú ara rẹ̀ ni kó tó sọ ewé nù, gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ṣe ń kó ọjà tó kù wọlé kó tó ti ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá sì rí kóró fúrúùtù láàárọ̀ níbi tí kò sí igi fúrúùtù kankan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú eyín wà lára rẹ̀. Àdán ló gbé e wá lóru, ó jẹ ẹran ara rẹ̀, ó ju kóró sílẹ̀. Ẹ fọ́ kóró náà, ẹ jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó dùn bí ẹ̀pà.

Ẹ̀yin tó ń sin ẹja lẹ́yìnkùlé, ẹ gbọ́ èyí. Ní Éṣíà, àwọn tó ń sin ẹja kéékèèké máa ń ju ewé gbígbẹ igi yìí sínú omi. Omi náà á di àwọ̀ tíì, wọ́n sì gbà pé ó ń dín àrùn ara ẹja kù. A ò ní kí ẹ lọ dà á sínú gbogbo àgbá ẹja àrọ̀ yín lọ́la o! Ẹ fi ike kan àti ẹja méjì mẹ́ta dán an wò ná, kí ẹ fi ojú ara yín rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Breadfruit Street kọjá lójoojúmọ́ ńkọ́? Gbẹ̀rẹ̀fútù ni òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀. Igi gbẹ̀rẹ̀fútù ló sọ àdúgbò náà lórúkọ. Èyí tí kò ní kóró nínú kò ṣeé gbìn látinú èso. Ọmọ tó bá yọ láti ara gbòǹgbò rẹ̀ la fi ń gbìn ín. Nítorí náà, ibikíbi tí ẹ bá ti rí irú gbẹ̀rẹ̀fútù bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ènìyàn kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e débẹ̀, ẹlòmíràn ló sì gbé ìyá rẹ̀ sọdá òkun.

Ẹ gbójú sókè wàyí, kí ẹ wo ògiri àwọn ilé àtijọ́, pàápàá lápá Campos, níbi tí àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl dé kọ́ ilé wọn sí. Ẹ óò rí igi kékeré tó hù láti ara ògiri, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti bomi rin ín. Ọ̀dán ni, tàbí ọ̀kan nínú àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Ẹyẹ tàbí àdán ló jẹ èso rẹ̀ níbòmíràn, tó wá yàgbẹ́ sójú ibi tí ògiri ti sán. Kóró rẹ̀ kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Eruku díẹ̀, ìrì díẹ̀, ó ti tó o láti gbéra. Irú igi yìí kan náà la máa ń gbìn sójú ọjà àti ojúde ọba fún ibòòji.

Ẹ jẹ́ ká bi yín: ta ló ti rí òdòdó ọ̀dán rí? Inú èso ló wà. Bí ẹ bá la èso ọ̀dán sí méjì, gbogbo nǹkan wóróworó tó wà nínú rẹ̀ yẹn, òdòdó ni. Agbọ́n kan wà tó kéré ju èèrà lọ, tí kì í ta ènìyàn. Abo rẹ̀ máa ń gba ojú ihò tóóró tó wà ní ìdí èso wọlé, ihò náà há débi pé ìyẹ́ rẹ̀ sábà máa ń já sí ẹnu ọ̀nà. Yóò fi àtíkè òdòdó tó gbé wá kan àwọn òdòdó inú ibẹ̀, yóò yé ẹyin rẹ̀, yóò kú síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá dàgbà, àwọn akọ tí kò ní ìyẹ́ ló máa ń lu ihò sára èso fún àwọn abo, àwọn abo á kó àtíkè òdòdó sára, wọ́n á fò lọ wá igi ọ̀dán mìíràn. Bí agbọ́n yìí bá parun, ọ̀dán ò ní ní irú-ọmọ mọ́. Bí ọ̀dán bá hù sára ilé yín, ẹ tètè yọ ọ́ nígbà tó ṣì kéré, torí gbòǹgbò rẹ̀ yóò la ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ má jù ú nù. Ẹ gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹni tó nílẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú yóò gbà á lọ́wọ́ yín.

Àwọn ẹran kéékèèké ara ògiri wá ńkọ́? Wọ́n ní gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Òwe gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó wo aláǹgbá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò mọ ìyàtọ̀ wọn. Èyí tí orí rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tó ti pọ́n, tí ara rẹ̀ dúdú bí aró, tó ń gbé ara sókè sódò, akọ tó ni àdúgbò nìyẹn. Ó ń kìlọ̀ fún akọ mìíràn pé kó má sọdá ni. Bí wọ́n bá lù ú nínú ìjà, àwọ̀ yẹn á ṣì lára rẹ̀. Abo kò ní orí pípọ́n, ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ lẹ ti máa rí àwọ̀ ọsàn díẹ̀. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n ń jẹ èèrà àti kòkòrò lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ ò sanwó fún wọn.

Nígbà tílẹ̀ bá ṣú, ọmọńlé ló máa gba iṣẹ́. Orúkọ tí àwọn baba wa fún un ti sọ ọ́ tán, ọmọ onílé ni. Ẹ wò ó bó ṣe ń dorí kodò rìn lára àjà. Kò sí gọ́ọ̀mù kankan lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Irun tínńtín tí ojú lásán kò lè rí ló kún abẹ́ ìka rẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, orí irun kọ̀ọ̀kan sì tún pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Bí àwọn irun yìí ṣe ń fara mọ́ ògiri tímọ́tímọ́ ló ń gbé e dúró. Ní 2000, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọn agbára irun kan ṣoṣo lára rẹ̀, ẹnu sì yà wọ́n. Àwa tó ń rí i lójoojúmọ́, bàtà la fi ń lé e! Àwọn kan ní oró wà lára rẹ̀. Kò ní oró. Ìgbẹ́ rẹ̀ ló lè ní kòkòrò àrùn, nítorí náà, ẹ máa dé ìkòkò ọbẹ̀ àti ike omi yín. Ẹ fi òun sílẹ̀ kó máa jẹ ẹ̀fọn àti àwọn kòkòrò abìyẹ́ tó ń yí iná gílóòbù ká.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan owó àti ẹ̀mí nìyí.

Ìyá kan wà tó ń ta ẹ̀wà àti gàrí nítòsí Ẹbúté Èrò. A ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ránṣẹ́ pè wá pé àwọn oníbàárà ń dá ẹ̀wà padà, pé ó ń rùn. Ká tó dé ẹnu ọ̀nà, àwa náà ti gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀tapíápíá ni. Orí àpò ẹ̀wà méjì tí wọ́n tò pọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọmọ-ọmọ wọn, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, sùn sí.

A kí màmá tán, a ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ yìí kúrò níbí ná.”

“Ẹ gbé e, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, kí ni kí n ṣe? Bí mi ò bá fín in, kòkòrò á jẹ ẹ́ tán. Lọ́dún tó kọjá, odidi àpò mẹ́ta ló di lẹ́búlẹ́bú mọ́ mi lọ́wọ́. Owó àjọ ni mo fi rà á o!”

“A gbọ́ yín, mà. Kòkòrò yìí, ṣé ẹ ti wò ó rí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀?”

Wọ́n wò wá bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. “Kí ni n ó wò lára kòkòrò?”

A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa ní ìgò tó mọ́. A ṣa ẹ̀wà bí ogún láti inú àpò kan tí wọn kò tíì fín, àwọn tó ní àmì funfun kékeré lára. A dà á sínú ìgò, a fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dé e lẹ́nu, a gbé e sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n wọn. A ní kí wọ́n máa wò ó láràárọ̀ bí wọ́n bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n má ṣe ohunkóhun sí i.

Ohun tó wà nínú ìgò yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí. Àmì funfun yẹn, ẹyin ni. Abo kòkòrò ẹ̀wà ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kóró, abo kan sì lè yé tó ọgọ́rùn-ún. Àwọn mìíràn ti wà lára rẹ̀ láti oko wá, kí wọ́n tiẹ̀ tó kó o wọ mọ́tò. Ọmọ tó bá pa nínú ẹyin kì í jáde síta. Láti abẹ́ ẹyin gan-an ló ti ń gbẹ́ kóró wọlé. Inú ibẹ̀ ni yóò máa jẹ, tí yóò máa tóbi, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jáde, ó máa ń jẹ kóró dé abẹ́ awọ, yóò fi awọ fẹ́lẹ́ náà sílẹ̀ bí fèrèsé. Bí oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n yé e, yóò ti fèrèsé náà ṣí, yóò jáde. Kòkòrò tó bá sì ti jáde báyìí kò nílò oúnjẹ mọ́. Kó gùn, kó yé, kó kú, gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ìgbà èwe rẹ̀ ló ti jẹ ẹ̀wà yín tán, kí ẹ tó mọ̀ pé ó wà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, màmá pè wá lórí fóònù, ohùn wọn ròkè: “Ẹ wá wò ó o! Ó ti ń ṣí fèrèsé!” Ìgbà tí a dé ibẹ̀, àwọn aládùúgbò bíi mẹ́fà ti kó ara wọn jọ yí ìgò ká. Màmá mi orí wọn, wọ́n ní, “Inú ilé lolè wà, èmi ń fi oògùn sẹ́nu ọ̀nà.”

Àwa kò lè ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn tí wọ́n ń fín ń pa èyí tó ti jáde, èyí tó ti ṣe tán pẹ̀lú ẹ̀wà. Èyí tó wà nínú kóró fara pamọ́ sábẹ́ awọ. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún jáde, ẹ tún fín in. Ẹni tó rà á ń jẹ oògùn, ọmọ tó sùn lé e ń fà á símú.

Ohun mìíràn tún wà nínú ìgò yẹn. Láàárín àwọn kòkòrò, a rí méjì tó yàtọ̀, dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, ìbàdí wọn rí tín-ín-rín. Agbọ́n kéékèèké tún ni. Wọ́n máa ń wá kóró tí ọmọ kòkòrò wà nínú rẹ̀ kiri, wọ́n á fi ìdí wọn gún kóró náà, wọ́n á yé ẹyin tiwọn sára ọmọ kòkòrò, ọmọ agbọ́n á sì jẹ ẹ́ tán nínú ilé tó rò pé òun fara pamọ́ sí. Ọlọ́dẹ ọ̀fẹ́ ni wọ́n nínú àpò ẹ̀wà jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Agbára wọn nìkan kò tó láti gba àpò sílẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀, ọ̀tapíápíá sì ń pa àwọn náà.

Kí wá ni àtúnṣe? Kòkòrò tó wà nínú kóró ń mí. Bí a bá dí atẹ́gùn mọ́ ọn, kò ní lè jẹun, kò ní lè dàgbà, yóò kú síbẹ̀. Orí èyí ni wọ́n gbé àpò PICS kà, tí àwọn onímọ̀ láti Purdue University ní Amẹ́ríkà àti àwọn ará Cameroon bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí ní òpin àwọn ọdún 1980. Ọ̀rá nípọn méjì ló wà nínú rẹ̀, àpò híhun kan lóde. Ẹ sá ẹ̀wà gbẹ dáadáa. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bó bá jò. Ẹ da ẹ̀wà sínú ọ̀rá tó wà ní inú pátápátá, ẹ tẹ atẹ́gùn jáde, ẹ so ó le, ẹ so èkejì le, kí ẹ tó so tòde. Ẹ má ṣí i fún oṣù kan ó kéré tán, oṣù méjì ló dára jù. Ẹni tí kò rí àpò yìí rà lè lo kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin, kó kún un dé ẹnu. Ẹ má kàn gbé e sí ibi tí eku ti lè gé ọ̀rá.

Ọ̀rọ̀ oògùn yìí kì í ṣe ti Ìsàlẹ̀ Èkó nìkan. Láti 2015 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, torí dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré dichlorvos, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sniper, láàárín ọjà. Síbẹ̀, ẹ̀yin tó wà lọ́jà mọ ohun tí ojú yín ń rí.

Màmá ra àpò mẹ́rin, wọ́n fi gbìyànjú. Nígbà tí wọ́n ṣí àkọ́kọ́ lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n bu ẹ̀wà sọ́wọ́, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n tún gbé e fún ọmọ wọn obìnrin kó gbóòórùn rẹ̀. Kò rùn. Àwọn oníbàárà ń padà díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá olóúnjẹ kan tó máa ń rà lọ́pọ̀ kò tíì padà títí dòní. Ọmọ kékeré yẹn ti ní ẹní tirẹ̀ lẹ́yìn káńtà. Ìgò yẹn ṣì wà lórí pẹpẹ. Màmá fi ń kọ́ àwọn aládùúgbò.

Ẹ bá wa sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi ká tó parí. Ẹni tó bá dúró ní Ẹbúté Èrò yíká ọdún yóò rí i pé omi ọ̀sà kì í ṣe omi kan náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á wọlé, ọ̀sà á níyọ̀. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ya wọlé, iyọ̀ á ṣàn. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ láti mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ewéko tó ń léfòó, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ bí elésè àlùkò tó ṣì, èyí tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth. Kì í ṣe òṣíbàtà, kì í sì í ṣe ojú oró. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ní 1984 la sì kọ́kọ́ rí i lórí omi wa, ó gba ọ̀nà Àgbádárìgì wọlé láti ìhà Àjàṣẹ́. Ẹ gé igi ewé rẹ̀ tó wú bí bọ́ọ̀lù, ẹ óò rí i pé atẹ́gùn ló kún inú rẹ̀ bíi kànìnkànìn. Iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Bó bá ti ń bo omi, iyọ̀ ti lọ. Bó bá ti ń gbẹ, tó ń pọ́n, iyọ̀ ti ń wọlé bọ̀. Apẹja tó mọ èyí mọ irú ẹja tí yóò máa retí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe ajílẹ̀ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó máa ń fa òjé àti àwọn ẹ̀gbin bẹ́ẹ̀ sára, ẹ má fi èyí tó hù nítòsí omi ìdọ̀tí gbin ẹ̀fọ́ jíjẹ. Bákan náà ni gbúre àti tẹ̀tẹ̀ tó hù létí gọ́tà. Ẹ wo ẹwà rẹ̀, ẹ má já a sínú ìkòkò.

Lékeléke ńkọ́? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa, bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á forí lé òkè. Ẹyẹ tí àwọn ọmọdé ń na èékánná sí yìí, ìyẹ́ ara rẹ̀ ló fi sọdá òkun Àtìláńtíìkì, wọ́n sì ti rí i ní Gúúsù Amẹ́ríkà kí ọdún 1900 tó dé. Kò sẹ́ni tó gbé e lọ. Ibi tó bá ti rí màlúù tó ń jẹko, ó ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ màlúù yóò ta kòkòrò sókè fún òun, ilé ti dé nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan mẹ́ta yìí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Àkọ́kọ́, ẹ mú ibì kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ ẹnu ọ̀nà, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ máa wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láràárọ̀. Ibì kan náà ni kí ó máa jẹ́, torí àyípadà lẹ ń wá. Èkejì, ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí àti ọjọ́ tí ẹ rí i sínú ìwé tí ẹ fi ń kọ gbèsè oníbàárà. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ óò mọ ìgbà tí kòkòrò ń pọ̀ àti ìgbà tí omi ń yí padà ní àdúgbò yín, yóò sì wúlò fún yín ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ lórí rédíò. Ẹ̀kẹta, ẹ gbin efinrin sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ǹtì kan, ẹ má já gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó yọ òdòdó. Ẹ máa ka iye oyin tó bá wá síbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn. Ẹ pe àwọn ọmọ yín kí wọ́n bá yín kà á, ojú tiwọn mú ju tiwa lọ.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a óò sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀wà ti gbẹ tó kó tó wọnú àpò. Kó tó di ìgbà náà, ẹ̀yin alẹ́wà wa, ẹ wá ìgò kan tó mọ́, ẹ ṣa ẹ̀wà ogún sínú rẹ̀, ẹ gbé e sórí pẹpẹ. Bí ó bá ṣí fèrèsé, ẹ pè wá.